Bíbo Króòmù Mọ́tò Oníná: Ọ̀ṣọ́ Ni, Kì í Ṣe Àtúnṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ létí yín, ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù kà á dé òpin, nítorí owó wà nínú rẹ̀, àmánà wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkàn náà sì wà nínú rẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rá dúdú bo irin dídán tó wà lára mọ́tò oníná wọn.

Bí ẹ bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó ti rí i. Nígbà tí àwọn ará bá kírun Jímọ̀ tán, tí wọ́n jáde síbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, ẹ wo àwọn Tesla tó tò síbẹ̀. Òmíràn ní irin funfun tó ń dán bíi díńgí, tó yí fèrèsé rẹ̀ ká. Òmíràn dúdú láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí funfun kankan lára rẹ̀. Ẹni tó ni ti funfun á máa wo ti dúdú. Kò ní pẹ́ tí yóò fi béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ẹ ti ṣe é?”

Ọ̀pọ̀ ló ti bi èmi náà ní ìbéèrè yìí, nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi bo ti mọ́tò mi, mo sì ti bá àwọn ará mélòó kan bo tiwọn. Èyí tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà: iṣẹ́ náà dára bí a bá ṣe é dáadáa, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ ni. Kì í sọ mọ́tò àtijọ́ di tuntun, kò sì gbọdọ̀ di ohun tí a ó fi tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, Transport for London kò fún mọ́tò kankan ní ìwé àṣẹ PCO fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ́, àfi èyí tó bá lè rìn láìtú èéfín. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe bọ́ sínú mọ́tò oníná, nígbà tí tuntun sì gbówó lórí, àlòkù ni wọ́n ń wá. Tesla Model 3 wà lára èyí tí wọ́n ń rà jù. Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Model 3 bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tó rà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo èyí tó dé nígbà náà ló ní irin dídán lára. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ náà yí i padà, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irin náà di dúdú. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti mọ èwo ni ti àtijọ́. Ẹni tó ra ti 2019 kò ní ìṣòro pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ títí tí aládùúgbò rẹ̀ fi ra ti 2021.

Irin tí à ń sọ yìí kò pọ̀ lára mọ́tò oníná. Mọ́tò elépo ní ihò ńlá níwájú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń kó króòmù sí jù. Mọ́tò oníná kò nílò irú ihò ńlá bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ní króòmù lára Model 3 àtijọ́ ni ìlà tó yí fèrèsé ká lókè àti nísàlẹ̀, ìdìmú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí díńgí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ilé kámẹ́rà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, àti àmì iwájú òun ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà kò fi gba ọ̀rá púpọ̀. Owó ọ̀rá tí mo fi bo tèmi kò tó owó táyà kan. Sátidé méjì ni mo fi ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rá náà ni wọ́n ń pè ní vinyl, gọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Oríṣi méjì ni. Wọ́n máa ń da oríṣi kan ní olómi sórí ibi pẹrẹsẹ, kó tó gbẹ di ọ̀rá. Èyí ni wọ́n ń pè ní cast. Bí a bá fi bo ibi tó tẹ̀ kọ́rọ́, kì í fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Oríṣi kejì, irin ńláńlá tó ń yí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́. Calendered ni orúkọ rẹ̀. Ó dínwó, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ díẹ̀ á máa sún kì, etí rẹ̀ á sì máa ṣí. Cast ni kí ẹ rà. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi 3M àti Avery Dennison ń ṣe é ní dúdú tó ń dán, dúdú tí kò dán rárá, àti èyí tó wà láàárín méjèèjì. Èyí tó wà láàárín, tí wọ́n ń pè ní satin, ló jọ ti Tesla tuntun jù.

Ìmọ́tótó ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ọṣẹ fọ irin náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípírítì nù ún kí ọ̀rá ìpara ìdán mọ́tò tàbí òróró ọwọ́ má bàa kù níbẹ̀. Inú ilé tàbí gáráàjì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé eruku wá, nítorí eruku kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀rá á yọ kókó bí ẹní ní ìléròrò. Ẹ gé ọ̀rá náà kó tóbi díẹ̀ ju ibi tí ẹ fẹ́ bò, ẹ lẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ máa fi pátákó pẹlẹbẹ onírọ́bà tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Níbi tó bá ti tẹ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ẹ díẹ̀, yóò rọ̀, yóò sì gbà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ tún fẹ́ gbogbo etí rẹ̀ kó gbóná ju 90 °C lọ. Ìgbóná ìkẹyìn yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀rá náà gbàgbé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fo ìpele yìí, kí ó máa retí etí tó ṣí nígbà òjò.

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ará nípa rẹ̀. Èkíní, ẹ má ṣe fi bíléèdì gé ọ̀rá lórí ọ̀dà mọ́tò. Bíléèdì tó gé ọ̀rá lè gé ọ̀dà pẹ̀lú. Téèpù kan wà tí okùn tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ̀rá, ẹ fa okùn náà, òun fúnra rẹ̀ á gé e. Èkejì, ẹ má ṣe bo ojú kámẹ́rà. Ilé rẹ̀ ni kí ẹ bò. Ojú rẹ̀ ni mọ́tò fi ń ríran. Ẹ̀kẹta, ìdìmú ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ọwọ́ ń kàn án lójoojúmọ́. Bí ẹ bá jẹ́ awakọ̀ PCO tí èrò ń wọlé tí wọ́n ń jáde látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ ó tún un bò ṣáájú àwọn ibi yòókù.

Ọ̀rá náà ṣeé ṣí. Ẹ fẹ́ ẹ kó gbóná, ẹ rọra fà á, irin funfun á tún yọ bó ṣe wà. Ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an nìyí: ohun tó wà lábẹ́ kò yí padà. Bí ìrẹ́ bá ti wà lára króòmù náà, ìrẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Mọ́tò ọdún 2019 ṣì ni mọ́tò ọdún 2019.

Nígbà òtútù kan, àbúrò wa kan ní mọ́ṣáláṣí pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta Model 3. Mo rò pé ti 2021 ni, gbogbo ara rẹ̀ ló dúdú.” A dé ibẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni nọ́ńbà mọ́tò náà: 69 ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 69 túmọ̀ sí pé láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 sí oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo rí i pé ọ̀rá ti ṣí díẹ̀ ní ìdìmú ilẹ̀kùn kan, funfun sì ń yọjú. Mo ní kí ó ṣí búùtù. Ọwọ́ ló fi gbé e sókè. Ti 2021 ń fúnra rẹ̀ ṣí ni.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Àbúrò, mọ́tò yìí lè dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí o rò. Ti 2021 ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní heat pump, tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wá sínú mọ́tò. Èyí kò ní i. Wáyà tó ń gbóná bíi ti áyọ́ọ̀nù ló fi ń mú inú rẹ̀ gbóná, èyí sì ń jẹ bátìrì nígbà òtútù. Ìwọ tó jẹ́ pé inú mọ́tò lo máa ń wà tọ̀sán-tòru, ìwọ ni yóò kàn.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n?” Mo ní kí ó béèrè ohun tó yẹ ná.

Ó béèrè ìwé V5C, ó wo àkọsílẹ̀ MOT lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí iye máìlì tí mọ́tò ti rìn. Ó béèrè nípa bátìrì. Ọdún 8 ni ilé iṣẹ́ náà fi ń dúró fún bátìrì Model 3, tàbí 100,000 máìlì fún èyí tí bátìrì rẹ̀ kéré, 120,000 fún èyí tó tóbi, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Láàárín àkókò náà, wọ́n ṣèlérí pé agbára rẹ̀ kò ní dín sí ìsàlẹ̀ 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Awakọ̀ PCO lè rin máìlì náà tán kí ọdún náà tó pé. Nígbà tí ó ti mọ gbogbo èyí, ó sọ iye tí mọ́tò 2019 tó sí, ẹni tó ń tà á sì gbà. Ó rà á ní iye tó tọ́ sí i. Ẹni tó ń tà á kò purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀, ọ̀rá dúdú ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wà lórí ọ̀ṣọ́ yìí. Bí ẹ bá yá mọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmánà ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì yín, nítorí ohun tí ẹ bá fi kún ara mọ́tò tí ẹ kò sọ lè di àwáwí lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò wọn. DVLA ń fẹ́ gbọ́ bí àwọ̀ mọ́tò fúnra rẹ̀ bá yí padà. Ìlà fèrèsé nìkan kò sọ mọ́tò funfun di dúdú. Bí ẹ bá sì ń ta mọ́tò, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá béèrè. Ẹ sọ pé, “Ọ̀rá ni èyí, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyí.” Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ń jẹ́ kí owó ní àlùbáríkà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkàn. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọ̀ṣọ́. Mọ́tò tó mọ́ tó sì wu ojú jẹ́ ayọ̀ fún ẹni tó ń fi í wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí táyà yín bá ti jẹ tán, tí owó ínṣọ́ránsì oṣù yìí kò tíì pé, króòmù kọ́ ló kàn. Ẹ bi ara yín léèrè kí ẹ tó ra ọ̀rá: ṣé nítorí pé ó wù mí ni, àbí nítorí ojú aládùúgbò mi? Bó bá jẹ́ pé ó wù yín, tí agbára yín ká a, tí kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ bò ó kó dúdú dáadáa. Bó bá jẹ́ nítorí aládùúgbò ni, ẹ rántí pé òun náà yóò tún ra òmíràn. Ọ̀rá kò lè bá a sáré.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ mọ́tò wa, kí ó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.