Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ: èwo ló dára jù, ẹlẹ́nu iwájú ni àbí ẹlẹ́nu òkè? Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má gba àkókò mi. Ẹlẹ́nu iwájú kì í mu omi púpọ̀. Bíi lítà 50 lè tó o láti fọ aṣọ ìgbà kan, nígbà tí ẹlẹ́nu òkè, pàápàá èyí tó ní ọ̀pá láàárín, lè mu lítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Monrovia ni mo ń gbé, ní apá Paynesville, níbi tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ilé wa. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Lọ́dún yìí, ìyá ọkọ mi wá bá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, eékún sì ń dùn wọ́n. Mo ní kí n máa bá wọn fọ aṣọ wọn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọjọ́ tí mi ò bá lè fọ ìró ara mi mọ́, ọjọ́ náà ni mo di àlejò nínú ilé yìí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi fi owó tí a ti ń tọ́jú wá ẹ̀rọ tí Màámi lè lò fúnra wọn.

Ẹlẹ́nu iwájú wu ọkọ mi, àwíjàre rẹ̀ kò sì kéré. Ó ní omi níye lórí, ẹni tí kò bá fẹ́ fi í ṣòfò, kó ra èyí tí kì í mu púpọ̀. Ó tún mẹ́nu ba òjò. Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ láyé. Òjò tó ń rọ̀ síbí lọ́dún ju mìlímítà 4,000 lọ, ó ju ìlọ́po méjì ti Èkó. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá, aṣọ lè wà lórí okùn fún ọjọ́ mẹ́ta kó má gbẹ, kó sì máa rùn. Ẹ̀rọ tó bá lè fún omi kúrò lára aṣọ dáadáa, ọ̀rẹ́ gidi ni.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ẹlẹ́nu iwájú ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa omi láti inú páìpù, omi náà sì gbọ́dọ̀ ní agbára. Ẹ ò lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sí i. Ẹni tí kò bá ní omi ẹ̀rọ ní láti gbé táǹkì sókè, kó ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún ń gbé omi kaná, èyí sì lè gba nǹkan bíi wáàtì 2,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Bí iná bá lọ nígbà tó ń fọ̀ lọ́wọ́, aṣọ wà nínú omi, ilẹ̀kùn sì lè wà ní títì pa.

Iná sì ń lọ. Ibùdó iná Mount Coffee, lórí odò St. Paul, ni ogun bà jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Omi odò ló ń yí i, nítorí náà, bí ẹ̀rùn bá mú odò, iná rẹ̀ a dín kù. Ìgbà tí òòrùn wà láti sá aṣọ gan-an ni iná máa ń ṣọ̀wọ́n.

Ẹlẹ́nu òkè tí a wá rà ni èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní twin tub. Ihò méjì ló ní, ọ̀kan fún fífọ̀, èkejì fún fífún. Ẹ ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi sí i. Bí iná bá lọ, ẹ ó ṣí i, ẹ ó kó aṣọ yín, ẹ ó sì fi ọwọ́ parí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e. Ihò kejì ń yí kíákíá débi pé aṣọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kó tó dé orí okùn, ọ̀rọ̀ òjò náà sì ti rí èsì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé Màámi kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n dúró tì í bí ẹni dúró ti ìkòkò ọbẹ̀.

Omi ńkọ́? Inú omi ọṣẹ kan náà la ti ń fọ aṣọ funfun, lẹ́yìn náà aláwọ̀, adìrẹ tó ń yọ aró ló ń kẹ́yìn. Omi tí a fi ṣan aṣọ, ilé ìyàgbẹ́ la ń dà á sí. Ẹlẹ́nu iwájú a máa da tirẹ̀ nù ní gbogbo ìgbà tó bá fọ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Mi ò sọ pé kò ní àbùkù. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò dúró tì í, tí yóò máa kó aṣọ láti ihò kan sí èkejì. Ẹni tó bá sì ní táǹkì àti iná tí kì í lọ, kó ra ẹlẹ́nu iwájú, yóò gbádùn rẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni èrò pé ẹni tó ra twin tub kò lajú. Àwọn tó ṣe ẹlẹ́nu iwájú gbà pé omi àti iná ti wà nínú ilé. Níbi tí wọn kò bá sí, orí obìnrin àti ọmọbìnrin ni omi náà ń gbà wọlé.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a ṣàdéhùn kí a tó sanwó. Ọkọ mi ló ń pọn omi láti ìdí pọ́ǹpù. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò pọn omi, ẹ tó bèèrè ibi tí ilẹ̀kùn wà.