Òsì Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ètò Ìdarí Nínú Géèmù Alágbèéká

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bínú pé ojú ewé Yorùbá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ géèmù lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni a fẹ́ sọ, inú géèmù la kàn ti bá a pàdé. Àwa mẹ́rin la jọ ń lo PSP kan ṣoṣo tí a rà ní àlòkù ní ọjà Dantokpa. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá á rò pé ọ̀rọ̀ "ta ló kàn" ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Rárá o. Bátìrì ló ń bá wa parí ìyẹn. Ibi tí ariwo wà ni ojú ewé tí wọ́n kọ Commandes sí, níbi tí èèyàn ti ń yan iṣẹ́ tí ìka kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò mú ẹ̀rọ yìí dání rí, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni Sony kọ́kọ́ gbé PSP jáde ní Japan. Ó dé Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005. Ní 2014 wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, àlòkù rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Lápá òsì rẹ̀, nísàlẹ̀ bọ́tìnì mẹ́rin tó ní ọfà, kiní pẹlẹbẹ roboto kan wà níbẹ̀ tí àtàǹpàkò ń tì síwá sẹ́yìn. Bí a bá rọra tì í, ẹni inú géèmù á rọra rìn. Bí a bá tì í dé òpin, á sáré. Ohun tó fi yàtọ̀ sí bọ́tìnì lásán nìyẹn: bọ́tìnì kò mọ̀ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ, ṣùgbọ́n kiní yìí mọ "díẹ̀," ó sì mọ "gan-an." A ó máa pè é ní ọ̀pá ìdarí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gùn tó ohun tí à ń pè lọ́pàá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Láti ọdún 1997 ni manette PlayStation ti inú ilé ti ní ọ̀pá méjì, ó sì ti di àṣà pé ti òsì ni ẹsẹ̀, ti ọ̀tún ni ojú: àtàǹpàkò òsì ń rìn, àtàǹpàkò ọ̀tún ń wò kiri. PSP ní ẹsẹ̀, kò ní ojú. Géèmù kọ̀ọ̀kan ló ń wá ibi tí yóò fi ojú sí fúnra rẹ̀.

Àwọn kan fi ojú sí bọ́tìnì mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún, àwọn tó ní àmì △, ○, × àti □. Bẹ́ẹ̀ ni Syphon Filter: Dark Mirror ti ọdún 2006 ṣe. Àwọn mìíràn fi ojú sí bọ́tìnì ọlọ́fà, lápá òsì kan náà tí ẹsẹ̀ wà. Ti Monster Hunter nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ máa rìn kó sì máa wò lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, àfi kí ó fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá, kí ó ká ìka ìfábẹ̀lá kọjá sókè bí èékánná akàn, kí ó fi tẹ ọfà. Àwọn ará Japan ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní monhan-mochi, ìyẹn ni pé bí a ṣe ń di ẹ̀rọ mú fún Monster Hunter. Ó ń dunni. Wákàtí kan tó, ọrùn ọwọ́ á ròyìn. Nígbà tí Metal Gear Solid: Peace Walker jáde ní ọdún 2010, àwọn tó ṣe é gbé ètò mẹ́ta kalẹ̀ kí olúkúlùkù mú èyí tó wù ú: ọ̀kan nínú wọn fi ojú sí bọ́tìnì ọ̀tún, òmíràn tẹ̀lé ti Monster Hunter.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ wá wo ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló ń mọ̀nà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!

Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, Ẹ̀gbọ́n la máa ń pè é, a kò sì ní pè é ní ohun mìíràn níbí. Láti ìgbà tó ti ṣubú lórí zémidjan, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kì í ká mọ́. Ó lè fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó máa fi àtàǹpàkò yọ́ láti △ lọ sí ○, láti ○ lọ sí ×, ìyẹn kò ṣeé ṣe. Ètò tó fi ojú sí ọwọ́ ọ̀tún sì ni àwa mẹ́ta yòókù fẹ́ràn. Bí ẹ̀rọ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó máa ń nà án sí ẹni tó kàn, á ní, "Ẹ máa ṣe é, ẹ̀yin àbúrò mi, ojú ni mo fi ń ṣe tèmi." Ta ni yóò dá àgbà lóhùn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? A dákẹ́. Ó pẹ́ tí a fi dákẹ́.

Ẹni tó kéré jù nínú wa ló fọgbọ́n ṣe é. Ó yí ètò náà padà sí ti akàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí, ó ti sú mi." Ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀rọ, ó gbé e lé itan, ó ká ìka òsì. Ọwọ́ òsì ń rìn, ọwọ́ òsì náà ń wò. Ọ̀tún kò níṣẹ́ ju kí ó tẹ bọ́tìnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ìka kan ṣoṣo tó ó ṣe. Ẹ̀rọ náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ariwo wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ẹnì kan nínú wa sọ ọ́ gbangba pé kí ló dé tí ẹni mẹ́ta yóò fi máa ṣe akàn nítorí ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀, a dúpẹ́. Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ náà tì sí ni pé ètò akàn ni ẹ̀rọ yóò máa wà lórí rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ètò mìíràn, kí ó yí i fúnra rẹ̀, kí ó sì dá a padà kó tó gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ní ètò méjì tó lè lò ni wàhálà yíyí yẹ kó wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ní ẹyọ kan. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń kùn títí di òní, ṣùgbọ́n ó ń dá a padà.

Ibi tí èdè wọ ọ̀rọ̀ náà la fẹ́ bọ́ sí báyìí. Ẹni tó jókòó ti ẹni tó ń ṣeré kì í gbẹ́nu dákẹ́. "Òsì! Òsì!" Òsì ta ni? Òsì ẹranko tó kọjú sí wa, òsì ọdẹ tó kẹ̀yìn sí wa, àbí òsì ojú ẹ̀rọ? Stephen Levinson, nínú ìwé tó pè ní Space in Language and Cognition, tó jáde ní 2003, pín bí èdè ṣe ń tọ́ka ibi sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó gbára lé ara ohun tí a fi ṣe àmì, èyí tó gbára lé ẹni tó ń wò, àti èyí tó gbára lé ohun tí kì í yí, bí ìlà-oòrùn. Yorùbá ní ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì lẹ́nu lójoojúmọ́. Ilé ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Ibi yòówù kí a dúró sí, ẹ̀yìn ilé kò kúrò níbi tó wà. Igi kò ní ẹ̀yìn. Bí a bá ní ewúrẹ́ wà lẹ́yìn igi, àwa tí à ń wò la yá igi náà ní ẹ̀yìn.

Ètò ìdarí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nínú Resident Evil ti ọdún 1996, bí a bá tẹ ọfà òkè, ẹni náà á lọ síbi tí iwájú tirẹ̀ kọ sí, ìbáà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún àtúnṣe rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2015, wọ́n fi ètò kejì kún un: apá ibi tí a bá ti ọ̀pá sí lójú ẹ̀rọ ni yóò gbà. Láàárín wa, ètò àkọ́kọ́ ń jẹ́ "ẹ̀yìn ilé," èkejì ń jẹ́ "ẹ̀yìn igi." Ẹni tó bá ti "ẹ̀yìn ilé" bọ́ sí "ẹ̀yìn igi" á kọ́kọ́ máa forí sọ ògiri.

Orúkọ ibi kò ràn wá lọ́wọ́ láti parí àríyànjiyàn "òsì" yẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ràn wá lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, "yí sósì" là ń pariwo, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ara ni kó yí ni tàbí ojú. Ní báyìí, bí a bá ní "yà sósì," ẹsẹ̀ là ń bá wí, ọ̀pá ni kó tì. Bí a bá ní "wòsì," ojú là ń bá wí. Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé lé e lórí. A kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé gbogbo wa ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Wòkè" nìkan ló ṣì ń dá wa láàmú. Ẹni tó kéré jù yẹn, bó bá fẹ́ wòkè, ìsàlẹ̀ ló ń tẹ̀. Ó ti bá wa ṣàlàyé títí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ọ̀rẹ́ yín mú láti ẹ̀yìn: bí ẹ bá tì í síwájú, ilẹ̀ ni yóò wò, bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, òkè ni. Lójú tirẹ̀, bọ́tìnì ń di orí ẹni inú géèmù mú. Lójú tiwa, bọ́tìnì jẹ́ ìka tó ń nawọ́ sí ohun tí a fẹ́ rí. Àlàyé méjèèjì ló dúró. Òun fúnra rẹ̀ ní géèmù ọkọ̀ òfuurufú ni òun fi bẹ̀rẹ̀, òun ló fà á. Bóyá. Ní ọdún 2025, Jennifer Corbett àti Jaap Munneke tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rí i pé ìdí tí àwọn èèyàn ń sọ kọ́ ló ń tọ́ka ẹni tó máa ń dorí rẹ̀ kodò jù, bí kò ṣe bí ọpọlọ ẹni náà ṣe ń yára tó láti yí àwòrán ohun kan po nínú èrò. Nígbà tí a sọ fún un, ó ní àwọn yẹn kò bá òun sọ̀rọ̀.

Lórí PS Vita, tó jáde ní Japan ní òpin ọdún 2011, ọ̀pá kejì dé, ojú padà sí ọ̀tún, akàn kò pọn dandan mọ́ fún ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì pé. Fún Ẹ̀gbọ́n, ìlọsíwájú yẹn kò sàn ju ti ìṣáájú lọ. Èyí tó wúlò fún irú rẹ̀ dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí Nintendo jẹ́ kí ẹni tó ní Switch lè yí iṣẹ́ bọ́tìnì padà láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, láìdúró de ohun tí géèmù bá yọ̀ǹda. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kó tó béèrè bí àwòrán rẹ̀ ṣe dán tó, kó kọ́kọ́ béèrè ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n mú PSP náà lọ sí Kétu fún ìsinmi. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó tì í títí, ó ń wò ó, ó sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò ọmọ náà méjèèjì ń ká dáadáa, ṣùgbọ́n akàn ló ń ṣe: ẹ̀rọ lórí itan, ìka òsì ní kíká, ìka ọ̀tún kan ṣoṣo lókè. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa lọ kí wọn tó sì fi bí àwa ṣe ń dì í mú hàn án, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, báyẹn kọ́ ni wọ́n ṣe ń mú un o."