Ìbọn wo ni kí n kọ́kọ́ rà fún ọmọ mi?

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan pè mí lórí fóònù. Ọ̀yà ti jẹ ẹ̀gẹ́ wọn tó ààbọ̀ éékà. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Àgíríìkì, ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún 15, ó sì láyà. Ìbọn wo ni kí n kọ́kọ́ rà fún un tí màá fi kọ́ ọ? Alágbẹ̀dẹ kan ní òun á bá mi ṣe ṣakabùlà lówó pọ́ọ́kú." Mo mọ̀ pé kì í ṣe bàbá yìí nìkan ló ń ro irú èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìdáhùn mi wá síbí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọdẹ ilé wa. Bàbá Ọdẹ là ń pè wọ́n. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ mi ní ìbọn, igi gbọọrọ kan ni wọ́n gé fún mi. Odidi àsìkò òjò kan ni mo fi gbé igi yẹn tẹ̀ lé wọn lọ sóko. Bí ẹnu igi bá ti kọjú sí ẹsẹ̀ wọn, tàbí sí ajá wọn pàápàá, "Ó yá, máa lọ sílé" ni. Màá ní, "Bàbá, igi mà ni." Wọ́n á ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun?" Tí koríko bá mì, wọ́n á bi mí pé, "Kí lo rí?" Tí mo bá ní koríko ń mì, wọ́n á ní, "Mi ò bi ọ́ ní ohun tó ń mì. Kí lo rí?" Inú máa ń bí mi. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 16, mo jí ṣakabùlà wọn gbé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oorun gbé wọn lọ. N kò mọ̀ bóyá ọta wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo lúgọ sétí oko àgbàdo wa. Kò pẹ́, koríko mì, mo sì rí nǹkan kan tó jọ ara ọ̀yà tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Mo gbé ìbọn léjìká, ìka mi ti wà lórí apátí. Bí ẹni pé Bàbá wà lẹ́yìn mi, mo gbọ́ "Kí lo rí?" N kò rí orí, n kò rí ẹsẹ̀. Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ìyá kan tí oko wọn bá tiwa pààlà ló yọ jáde. Gèlè wọn ló ti ṣá tó dà bí àwọ̀ ọ̀yà. Ìgbín ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ ọdẹ, kí lo ti pa?" Gbogbo ara mi ń gbọ̀n títí mo fi délé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Ọdẹ gbé ìbọn kan náà lọ sígbó, wọn ò kì í, wọ́n kàn yìn ín, ó sì ró. Àṣé ó ti wà ní kíkì látàná.

Ó yá, ìdáhùn mi rèé.

Àkọ́kọ́, òfin. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 níwèé àṣẹ. Ṣakabùlà náà wà nínú òfin yẹn o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìbọn ìbílẹ̀ kò nílò ìwé, irọ́ ló pa. Nítorí náà, ọmọ yín ṣì ní ọdún méjì.

Ìkejì, tó bá tó àkókò tí ìwé sì wà, ẹ má fi ṣakabùlà bẹ̀rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í, ẹ ò lè fojú rí i bóyá ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè gbàgbé, kó kì í lẹ́ẹ̀mejì, kí irin bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ó sì lè ṣe bí ẹni pé kò ró, kó wá ró lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí ọmọ ti ń yọjú wo ẹnu rẹ̀. Ìbọn ọlọ́ta kan ṣoṣo tó ń ṣẹ́ sí méjì láàárín ló dára jù. Bí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀yin àti ọmọ lẹ máa jọ rí i pé ó ṣófo. Ọta kan ṣoṣo á sì jẹ́ kó ronú kó tó fà á. Ẹ jẹ́ kó gbé e wò: kí ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa sí èjìká, kí ìka tó apátí láìna ọrùn. Ẹ má sì rò pé èyí tó fúyẹ́ jù ló yẹ ọmọ, òun ló máa ń gbá èjìká jù.

Ìkẹta, ní ti ọ̀yà, ẹ ro etí oko mọ́ yípo, nítorí ọ̀yà kì í fẹ́ràn láti la gbangba kọjá. Ẹ dẹ tàkúté sí ojú ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ sì fi ibẹ̀ han àwọn tí ẹ jọ pààlà.

Ṣé ẹ ṣì fẹ́ mọ ìbọn tí ẹ máa kọ́kọ́ fún un? Ẹ gé igi fún un lónìí. Tó bá lè gbé e fún ọdún méjì láìkọjú ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn, tó sì lè dáhùn "Kí lo rí?" láìparọ́, ẹ ti rí ẹni tí ẹ lè fún níbọn. Tí kò bá lè ṣe é, láyà tó láyà yẹn gan-an ni kó bà yín lẹ́rù.

Ìyá yẹn ṣì wà láyé. Gàrí ni wọ́n ń tà báyìí. Tí mo bá lọ rà, wọ́n á ní, "Ọmọ ọdẹ, gba ènì." N kò tíì lè sọ fún wọn.

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, báwo ni wọ́n ṣe kọ́ yín? Ẹ sọ ọ́ fún wa. Oko á mérè wá o.