Iná Tí Ń Jó Bẹ́ẹ̀, Igi Rẹ̀ Ńkọ́?

Bí mo bá sọ fún ènìyàn ní Nàìjíríà pé ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ ni iṣẹ́ mi, ohun méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kí n bá àwọn wo bí ọdún yìí yóò ṣe rí, nítorí pé nínú èdè wa, ẹni tí ń wo kádàrá ni à ń pè ní awòràwọ̀. Àwọn kejì, tí wọ́n kàwé dáadáa, á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ṣé èyí ló máa jẹ́ kí iná mànàmáná dúró?" Àwọn ti àkọ́kọ́ kò ṣòro láti dá lóhùn. Àwọn kejì ni mo fẹ́ dá lóhùn níbí, nítorí pé ìbéèrè wọn kì í ṣe àwàdà lásán.

Ọmọ Yorùbá ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé ìlú kan ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Fíṣíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nínú ìwádìí tèmi, àwọn gálásì tí quasar ń gbé inú wọn ni mò ń wá. Gálásì ni agbo ńlá ìràwọ̀, pẹ̀lú gáàsì àti eruku tó wà láàárín wọn. Inú ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Milky Way ni oòrùn tiwa wà. Ní àárín ọ̀pọ̀ gálásì ńlá, ihò dúdú kan wà, tí agbára fífà rẹ̀ pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè jáde. Tiwa wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 4, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí gáàsì púpọ̀ bá ń ya lọ sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, yóò máa yí po bí omi tó fẹ́ wọ ojú ihò, yóò gbóná kọjá ààlà, yóò sì máa tàn ju gbogbo ìràwọ̀ inú gálásì náà lọ. Ìyẹn ni quasar.

Ọdún 1963 ni ọmọ aráyé mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, Cyril Hazard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo tẹlisíkóòpù rédíò ti Parkes ní Ọsirélíà láti mọ ibi tí 3C 273 wà gan-an, ní àkókò tí òṣùpá ń kọjá níwájú rẹ̀. Nínú fọ́tò, ìràwọ̀ lásán ni ó jọ. Maarten Schmidt wá pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ pẹ̀lú tẹlisíkóòpù Palomar ní California. Ó rí i pé àmì háídrójìn tí gbogbo wa mọ̀ ló wà níbẹ̀, àmọ́ tí ó ti sún sí apá pupa ní nǹkan bí ìdá 16 nínú 100. Èyí fi hàn pé ohun náà jìnnà sí wa ju bílíọ̀nù 2 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ. Ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì tún hàn sí wa, iná rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún ìyá mi. Ìyá mi kò kàwé kọjá prámárì. Àkàrà ni wọ́n fi tọ́ wa. Mo ní, "Màámi, iná kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń tàn ju gbogbo ìràwọ̀ tí ẹ lè fojú rí lọ." Wọn kò bi mí bí ó ṣe jìnnà tó. Wọn kò bi mí ẹni tó tàn án. Wọ́n ní, "Iná tí ń jó bẹ́ẹ̀, igi rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹni tó ti dá iná àkàrà fún ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé iná kì í dá dúró. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ń bi ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1963. Ibo ni iná yìí wà? Inú gálásì wo ni? Kí ni ń bọ́ ọ? Ọdún 1982 ni Todd Boroson àti J. Beverley Oke pín ìmọ́lẹ̀ ìkùukùu tó yí quasar 3C 48 ká sí àwọ̀, tí wọ́n sì rí àmì àwọn ìràwọ̀ nínú rẹ̀. Ó gba nǹkan bí ogún ọdún kí a tó lè tọ́ka sí i pé, lóòótọ́, gálásì ló wà lábẹ́ iná yìí.

Kí ló mú un le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ronú sí màmá tó ń tajà lálẹ́ lẹ́bàá títì, tí àtùpà ńlá wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè, àtùpà nìkan ni yóò rí. Kò ní rí ojú màmá náà, kò ní rí ọjà, kò ní rí àpótí tó jókòó lé. Bí ó bá fẹ́ rí wọn, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bo àtùpà náà lójú ara rẹ̀. Quasar ni àtùpà yẹn. Gálásì tó gbà á sílé ni màmá, ọjà àti àpótí. Mo máa ń pè é ní gálásì onílé, nítorí pé àlejò aláriwo kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí onílé.

Bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo àtùpà nìyí. Kò sí tẹlisíkóòpù tí í ya iná tó jìnnà bí ẹyọ àmì tín-ínrín. Ó máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká díẹ̀, pẹ̀lú ìtànṣán tó yọ gọngọ yíká. Ìràwọ̀ lásán tó wà nínú fọ́tò kan náà, bákan náà ni yóò fọ́n ká, bẹ́ẹ̀ a sì mọ̀ pé kò sí gálásì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, a óò kọ́ ìrísí ìràwọ̀ náà, a óò sọ ọ́ di ohun tó tàn tó quasar, a óò sì yọ ọ́ kúrò nínú quasar. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni gálásì onílé. Lẹ́nu, ó rọrùn. Bí a bá yọ díẹ̀ jù, iná quasar tó ṣẹ́kù á máa pe ara rẹ̀ ní gálásì. Bí a bá yọ púpọ̀ jù, a óò pa gálásì gidi rẹ́, a óò sì máa kéde pé kò sí níbẹ̀.

Irú ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ rí lójú gbogbo ayé. Láàárín ọdún 1994 sí 1995, John Bahcall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tẹlisíkóòpù Hubble wo àwọn quasar tí kò jìnnà púpọ̀. Àwọn kan nínú wọn dà bí ẹni pé wọn kò ní gálásì kankan, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa quasar tó wà ní ìhòòhò. Nígbà tí wọ́n tún àwọn fọ́tò náà yẹ̀ wò dáadáa, tí àwọn ẹlòmíràn náà sì ṣe ìṣirò tiwọn, àwọn gálásì náà yọjú. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Iná ni kò jẹ́ kí a rí wọn.

Bí quasar bá ṣe jìnnà sí i ni iṣẹ́ náà ń le sí i. Gálásì á kéré, á ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ rẹ̀ á sì ti nà títí tí ojú Hubble kò fi ní ká a mọ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n yin tẹlisíkóòpù James Webb lọ sókè, èyí tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, tí ó sì lè rí ìmọ́lẹ̀ tó ti nà kọjá pupa. Ní 2023, Xuheng Ding, Masafusa Onoue, John Silverman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi í wo quasar méjì tí tẹlisíkóòpù Subaru ní Hawaii ti kọ́kọ́ rí. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n gbà ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí àgbáyé kò tíì pé bílíọ̀nù 1 ọdún. Lónìí ó ti lé ní bílíọ̀nù 13. Wọ́n yọ iná quasar kúrò, ìràwọ̀ sì ṣẹ́kù. Ní ti èyí tí wọ́n ń pè ní J2236+0032, ìràwọ̀ inú gálásì náà wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 130, ihò dúdú rẹ̀ sì tó oòrùn bílíọ̀nù 1.4.

Ẹ wo nọ́ńbà méjì yẹn dáadáa. Ihò dúdú yẹn tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 gálásì rẹ̀. Nínú àwọn gálásì tó wà nítòsí wa, ihò dúdú kì í sábà ju ìwọ̀nba ìdá díẹ̀ nínú 1000 lọ tí a bá fi wé àwọn ìràwọ̀ tó kóra jọ yí i ká. Gálásì ńlá a ní ihò ńlá, kékeré a ní kékeré, bí ẹni pé àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé. Báwo ni ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń bá odidi gálásì dọ́gba ìdàgbà? Ta ló kọ́kọ́ dàgbà? Ṣé iná quasar máa ń fẹ́ gáàsì jáde, tí ìràwọ̀ tuntun kò fi ní rí ohun tí wọn yóò fi ṣe ara? Gálásì onílé nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń wá a.

Ní ti igi tí ìyá mi béèrè, ìdáhùn wà. Ní 2003, àwọn onímọ̀ lo tẹlisíkóòpù rédíò láti wo J1148+5251, ọ̀kan nínú àwọn quasar tó jìnnà jù tí a mọ̀ nígbà náà. Wọ́n rí kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì níbẹ̀, ìyẹn àmì pé gáàsì tútù pọ̀ rẹpẹtẹ nínú gálásì náà. Láti ìgbà náà, àwọn eríàlì 66 ti ALMA ní aṣálẹ̀ Chílè ti fi irú gáàsì bẹ́ẹ̀ hàn nínú ọ̀pọ̀ gálásì mìíràn. Gáàsì tútù ni igi. Igi kan náà ni ìràwọ̀ tuntun ń jẹ, òun náà ni ihò dúdú ń jẹ. Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀ pé yóò wà."

Ó wá ku ìbéèrè àwọn ẹlẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ni tiwa níbẹ̀? Èkínní, a ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó dé. Ní 1965, Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Antony Hewish ní Cambridge, kọ̀wé pé ohun kékeré kan wà nínú Crab Nebula tí ń ta rédíò lọ́nà tó ṣàjèjì. Lẹ́yìn náà ni ayé wá mọ̀ pé pulsar ni. Okoye padà sílé, ó sì gbin ẹ̀kọ́ yìí sí Nsukka. Ní Gánà, ní Kuntunse nítòsí Accra, wọ́n sọ díìṣì tẹlifóònù àtijọ́ kan tó fẹ̀ ní mítà 32 di tẹlisíkóòpù rédíò, wọ́n sì ṣí i ní 2017. Ní Gúúsù Áfíríkà, díìṣì 64 ti MeerKAT ti ń ṣiṣẹ́ láti 2018.

Èkejì, fọ́tò tí Hubble àti Webb ń yà kì í wà ní títì lọ títí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yọ iná quasar kúrò, ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Tábìlì ti kún fún oúnjẹ, wọn kò sì béèrè owó lọ́wọ́ wa. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti fáìlì ńlá tí dátà olówó gọbọi máa ń gbé dé ìdajì kó tó já. Mo ti jí láàárín òru lọ́pọ̀ ìgbà láti wa fáìlì kan ṣoṣo sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà, ọmọ Tiv ni, ọmọ àgbẹ̀. Iṣu ni bàbá rẹ̀ ń tà fi san owó iléèwé rẹ̀. Bàbá náà pè mí lórí fóònù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ọmọ òun ń ṣe yìí yóò bọ́ ọ. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń yọ ohun tó bàìbàì jáde nínú ohun tó ń tàn yòò, pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wúlò fún fọ́tò X-ray ní ilé ìwòsàn, ó sì wúlò fún fọ́tò oko tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n n kò ṣèlérí iṣẹ́ fún un, nítorí pé n kò ní in lọ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní òun yóò tún tà nínú iṣu èèbù.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oko mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Iṣu èèbù ni oko ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ náà yóò parí ìwé rẹ̀ lọ́dún yìí. Ó ti ń kọ̀wé sí àwọn iléèwé lókè òkun. Bí wọ́n bá gbà á, yóò lọ, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ohun tó lè mú irú rẹ̀ dúró kò tó iye owó títì kan tí a pa tì sí ojú ọ̀nà: yàrá kan, kọ̀ǹpútà mélòó kan, sólà tí yóò gbé wọn, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, àti owó oṣù tó ń wọlé lásìkò. Ẹ tún wò ó, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nílò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ náà nílò rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ìràwọ̀ nìkan.

Àwọn kan yóò ní ebi ń pa wá, kí a kọ́kọ́ jẹun ná. Mo gbà pé ebi ń pa wá. Síbẹ̀, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá mi wà nídìí iná lójoojúmọ́, gbèsè wà lọ́rùn wọn, ọmọ mẹ́fà ń retí oúnjẹ, síbẹ̀ ìbéèrè tí wọ́n bi mí jinlẹ̀ ju èyí tí púpọ̀ nínú àwa olùkọ́ ń bi lọ. Orílẹ̀-èdè tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ìyá rẹ̀ kò yẹ kí ó máa kó àwọn ọmọ tó lè dáhùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn.