Àpò àti Páálí ní Àgídìngbì

Bí ènìyàn bá gba Aláùsá wọ Àgídìngbì, imú ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé. Ní ọjọ́ tí mo lọ, òórùn kòkó láti ilé-iṣẹ́ Cadbury gba gbogbo títì. Ibẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 ní ìgbà ìjọba Lateef Jákàńdè. Ọkọ̀ akẹ́rù kò jẹ́ kí a ráyè rìn, páálí òfìfo àti àpò ògbólógbòó sì wà káàkiri lẹ́bàá ògiri.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àdúgbò náà ni ó pè mí wá wo eré àwọn ọ̀dọ́ nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan. Mo mú ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, dání.

Eré náà kò ní ìwé. Àwọn òṣèré fúnra wọn ni wọ́n jókòó hun ún. Ó dá lórí obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ ń dá sùn. Páálí ni ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà. Irin agboorùn tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí ẹnu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pa á dé. Ọmọlangidi ni ọmọ náà. Àpò ìrẹsì ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò sì ni ojú rẹ̀. Òṣèré kan di orí àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, èkejì di ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé ní òwúrọ̀ tí ó gbé e, orí ọmọ náà rọ̀ sí i léjìká bí orí ọmọ tí oorun ń kùn gan-an. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ níwájú mi fi ọwọ́ bo ojú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rò pé òkè òkun ni a ti rí irú eré yìí. Ní oṣù kejì ọdún 1826, arìnrìn-àjò tí ń jẹ́ Clapperton wo eré eégún aláré ní Ọ̀yọ́ Ilé. Inú àpò ni àwọn òṣèré wà. Òjòlá aláṣọ kan, tí gígùn rẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 14, jáde síta. Lẹ́yìn èyí ni àpò kan ń yọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òyìnbó kan tí ó rù hangogo sì yọ, tí òtútù ń mú un. Wọ́n fi àlejò wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀!

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ìtọ́jú ilé ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ọmọ mi fi páálí mílíìkì àti ìbọ̀sẹ̀ baba rẹ̀ ṣe kìnnìún kan. Eèrà bò ó, mo sì jù ú sí ààtàn láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà, ó bi mí pé:

“Màmá, ṣé ìyá tiwọn kì í bá wọn jù ú nù ni?”

N kò rí èsì fún un títí a fi dé Agége.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo po sítáàṣì kí ó ki ju ti aṣọ lọ, mo fi iyọ̀ ṣíbí kan sí i kí ó má baà tètè bu. A ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fèrè tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, ìpele mẹ́rin; ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ ìpele kan kí ẹ tó lẹ òmíràn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú páálí kí eèrà má baà rí nǹkan lá.

Kìnnìún tuntun náà wà lórí àpótí ìwé báyìí. Ọmọ mi ní ti àkọ́kọ́ dára jù ú lọ. Ẹnu èyí tóbi jù.