Ìdí Tí Ẹṣin Wa Kò Fi Tíì Fò



Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá àgbà kan pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Baba Ẹlẹ́ṣin, oṣù kẹta rèé tí ẹ ti ra ẹṣin fún ọmọbìnrin yín, ẹ kò sì jẹ́ kó fi í fo nǹkan kan. Ṣé owó rẹ̀ ni kò tíì pé?” Gbogbo ẹni tó gbọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára díẹ̀.

Èyí kọ́ ni ẹṣin wa àkọ́kọ́. Ní ọdún 2021, a ní pupa kan tí ara rẹ̀ ń dán. Òjò sé e mọ́lé fún bí oṣù méjì. Ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, èmi fúnra mi ni mo ní kí ọmọ gùn ún, kó fo ọ̀pá tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ó fò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà karùn-ún, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹsẹ̀ gbá ọ̀pá, ọmọ sì já bọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọwọ́ nìkan ló rọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin náà ti wú, ó gbóná janjan. Iṣan ibẹ̀ ti ya. Kò fò mọ́ títí tó fi kúrò lọ́wọ́ wa.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé èémí ẹṣin tètè ń gbé pẹ́ẹ́lí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò máa sáré bí ẹni pé kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ àti egungun kì í tètè le, oṣù púpọ̀ ni wọ́n ń gbà. Ẹṣin tí èémí rẹ̀ ti tó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó, òun gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ.

Nígbà tí èyí dé, Màlámù tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ kò gbà kí a kánjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, ìrìn lásán ni: ogún ìṣẹ́jú lákọ̀ọ́kọ́, títí ó fi di wákàtí kan. Ọmọ mi sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn kánmọ́kánmọ́, lẹ́yìn náà òkè gígùn, èyí tí kò wọ́n wa ní Jos. Òkè ló ń fún itan ní agbára tí ẹṣin fi ń ta sókè. Òwúrọ̀ kùtù là ń lọ, kí oòrùn tó mú, a kì í sì gùn ún bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọkà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi rẹ̀, nítorí Màlámù ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

(Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ náà ra ẹṣin láti òkè ọya yìí, ṣùgbọ́n eṣinṣin inú igbó kò jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn bó bá ti sún mọ́ gúúsù.)

Nísinsìnyí, a ń to ọ̀pá mẹ́rin sórí ilẹ̀, àlàfo wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀, kó máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí wọn. Ọmọ mi sì ní ìwé kékeré kan. Ó máa ń fi ìka kan abẹ́ àgbọ̀n ẹṣin, a máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bó bá sinmi, ìgbà 28 sí 44 ni ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn iṣẹ́, bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tó ṣì ju 60 lọ, a ti lò ó jù, a ó dín ti ọ̀la kù. A tún máa ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, bóyá ó gbóná. Èyí ni èmi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi ṣe.

Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò fo àkọ́kọ́: ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 2, ìgbà mẹ́fà péré. Ìyá àgbà ní àwọn ń bọ̀ wá wòran. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe mú onílù dání.