Èmi Ni Mo Ba Ẹsẹ̀ Ọmọ Náà Jẹ́

Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri àdúgbò wa ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, pé ayé ló ba ẹsẹ̀ ọmọ agbábọ́ọ̀lù kan jẹ́, pé eré rẹ̀ ti pọ̀jù lójú àwọn ọ̀tá. Ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn òbí ọmọ náà ni àwọn èèyàn ń wò ní ìwòkuwò. Ìyá yẹn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ kóòṣì ọmọ náà ni mo ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà. Apá ọ̀tún ló ń gbá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa sáré lé bọ́ọ̀lù gígùn tí wọ́n bá gbá sí i láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì la máa ń pàdé, ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń sá eré àsápajúdé lọ́wọ́, ó ṣàdédé dúró, ó di ẹ̀yìn itan rẹ̀ mú. Ó ní, "Kóòṣì, nǹkan fà mí lẹ́sẹ̀." Mo ní kó dùbúlẹ̀. Mo fi ìpara gbígbóná ra á, mo tẹ̀ ẹ́ gidigidi, mo na ẹsẹ̀ náà sókè títí ó fi pariwo. Mo tún ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó fi omi gbígbóná jó o lálẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò sì bi ara mi rí bóyá ó dára.

Kò dára. Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú. Ooru ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ sí i, ọwọ́ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ń tú ohun tó fẹ́ dì, nínà sì ń mú kí ibi tó ya gbòòrò. Obìnrin kan ń ta píọ̀ wọ́tà lẹ́bàá pápá lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kí n ra èyí tó dì lọ́wọ́ rẹ̀, kí n fi aṣọ wé e, kí n gbé e lé ibẹ̀, kí n fi báńdéèjì dì í, kí n sì mú ọmọ náà lọ sí ọsibítù.

Iṣan mẹ́ta ló wà lẹ́yìn itan, àwọn ni àwa oníbọ́ọ̀lù ń pè ní hamstring. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara egungun tí a fi ń jókòó, wọ́n gba ẹ̀yìn itan kọjá, wọ́n lọ so mọ́ ìsàlẹ̀ orúnkún. Bí èèyàn bá ń sáré dé góńgó, tí ẹsẹ̀ fò síwájú tí kò tíì kanlẹ̀, àwọn ló ń kó ojúgun níjàánu. Wọ́n ń gùn, wọ́n sì ń fa ara wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí rọ́bà kànnàkànnà tí wọ́n fà dé òpin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ya. Ìpalára yìí ń yọ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun lẹ́nu ju ìpalára iṣan èyíkéyìí mìíràn lọ.

Ti ọ̀dọ́ tún yàtọ̀. Egungun ìjókòó rẹ̀ kò tíì gbó tán. Ẹlòmíràn á pé ogún ọdún kí ibi tí iṣan ti so mọ́ ọn tó le. Níbi tí iṣan àgbàlagbà á ti ya, ti ọ̀dọ́ lè fa ègé egungun já.

Mi ò mọ èyí, àmọ́ àìmọ̀ nìkan kọ́ ló ṣe é. Àwọn kan ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Nínú ìlú tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kwara United wà, tí Kwara Football Academy wà, ìrètí kì í jìnnà sí ọmọ tó bá lè sáré, kì í sì í jìnnà sí kóòṣì rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n béèrè pé ta ló kọ́ ọmọ yìí. Mo sì ti ń ro owó tó lè kàn mí. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà fara pa tí mo fi bi í bóyá ara rẹ̀ ti le. Ó ní ó ti le. Kí ni ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá wo òun ì bá tún sọ? Mo rí i tó ń rìn láìtiro, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni, mo sì dá a padà sórí pápá.

Ìyá rẹ̀, tó ń ta ata ní ọjà Ìpàta, wá bá mi. Ó ní, "Kóòṣì, ọmọ yìí ṣì ń rọra jókòó o. Ẹ jẹ́ kó sinmi." Mo dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ iṣẹ́ mi." Ibi tí egungun náà ti fẹ́ já gan-an ni ìyá náà ń tọ́ka sí. Kò mọ bọ́ọ̀lù, ojú ìyá ló fi rí i.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó fẹ́ wo àwọn ọmọ náà dé, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gígùn sí ọmọ náà. Ó ti kọjá ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwa tí a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà gbọ́ ìró rẹ̀ kí ó tó ṣubú. Ẹ́síréè fi hàn pé ègé egungun kan ti já kúrò lára egungun ìjókòó rẹ̀. Dókítà bi mí bóyá ó ti kọ́kọ́ dùn ún tẹ́lẹ̀, mo sì dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. Owó ata rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú ìtọ́jú kí èmi tó rí díẹ̀ kó jọ.

Ọmọ náà fi igi rìn fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí Kwara United gba ife ẹ̀yẹ Ààrẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú síta, tí wọ́n ń pariwo, ó bá wọn jáde, ó sì ń rìn dáadáa. Eré sísá rẹ̀ ni kò padà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń tù mí nínú pé ọmọdé ni, yóò jí padà. Mo máa ń sọ ti Michael Owen tó gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool fún wọn. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí iṣan yìí já lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní pápá Leeds, ní oṣù kẹrin ọdún 1999. Ó gba Ballon d'Or ní 2001, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ẹsẹ̀ náà kò padà bó ṣe wà mọ́. Ẹgbẹ́ tó lówó ni Liverpool tó wà. Èmi, ìpara ni mo fi ra ọmọ tèmi.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìdènà ìpalára yìí kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Ọmọ kan á kúnlẹ̀, èkejì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹni tó kúnlẹ̀ á máa rọra tẹ̀ síwájú láìká ìbàdí, títí agbára ẹ̀yìn itan rẹ̀ á fi tán, á wá fi ọwọ́ gba ara rẹ̀. Wọ́n dán an wò láàárín ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 50 ní Dẹ́ńmákì, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2011. Iṣan ẹ̀yìn itan ṣèṣe lẹ́ẹ̀mejìléláàádọ́ta lọ́dọ̀ àwọn tí kò ṣe é. Lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún péré ni, bẹ́ẹ̀ iye àwọn agbábọ́ọ̀lù ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn ọmọ mi ń ṣe é báyìí. Èyí tó bá sì ti fara pa lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní fi í sínú ìdíje títí yóò fi sá eré rẹ̀ dé góńgó lójú mi léraléra láìfọwọ́ kan itan, nítorí iṣan tó ti ya rí ló yá láti tún ya.

Mo ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, mo sì ti lọ bá ìyá arúgbó tí wọ́n ń fura sí. Bàbá ọmọ náà ní òun dárí jì mí. Ìyá rẹ̀ ní, "Mo sọ fún yín," kò sì fi nǹkan kan kún un.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yára jù ú lọ. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún ìyá wọn kó jẹ́ kí òun máa wá sí pápá. Mi ò tíì bá a sọ, mi ò sì ní bá a sọ, àfi bí ìyá náà fúnra rẹ̀ bá pè mí.